Agbọ́n àti oyin tó ń lu igi: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe lè lé wọn kúrò nílé láìlo oògùn apakòkòrò

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe, òrùlé ni mo sì ń kàn jù. Ẹni tó bá ń gun àkàbà lọ sí etí òrùlé ilé àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbójú sókè wò ó bóyá agbọ́n ń bẹ níbẹ̀. Àwọn onílé a máa bi mí ní ìbéèrè lórí wọn, ìbéèrè náà sì sábà máa ń jọra, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí. Ilé tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá ni mo ní lọ́kàn: bíríkì tàbí búlọ́ọ̀kù nísàlẹ̀, páànù lókè, pákó létí òrùlé, ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé.

Ṣé agbọ́n ni gbogbo ohun tó ń fò tó sì ń kùn nílé mi?

Rárá. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá jà, torí ohun tó máa lé ọ̀kan lọ kò ní tu irun kan lára èkejì.

Agbọ́n tó ń so ilé rẹ̀ kọ́ sábẹ́ òrùlé ni gbogbo wa mọ̀ jù. Ara rẹ̀ gùn, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì rọ̀ wálẹ̀ tó bá ń fò. Á máa fi ẹnu họ igi gbígbẹ, á pò ó mọ́ itọ́ rẹ̀, òun ló fi ń kọ́ ilé aláwọ̀ eérú tó ní ojúlé púpọ̀ yẹn. Ìdí kan ṣoṣo ni ilé náà fi rọ̀ mọ́ àjà. Àwọn wọ̀nyí ń gbé pọ̀, wọ́n sì máa ń jà fún ilé wọn.

Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé yàtọ̀. Ńṣe ló ń dá gbé. Abo rẹ̀ á ru amọ̀ tútù wá, á fi mọ yàrá gbọọrọ gbọọrọ sára ògiri, sẹ́yìn fèrèsé, tàbí sínú páìpù. Aláǹtakùn ló ń kó sínú rẹ̀ fún ọmọ. Á ta wọ́n títí wọn ò fi ní lè mira mọ́, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí wọ́n kú, kí ẹran má bàa jẹrà kí ẹyin tó pa. Kì í ṣọ́ ilé rẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kó ta èèyàn.

Oyin tó ń lu igi tóbi, ó dúdú, ara rẹ̀ ki pọ́pọ́, ariwo rẹ̀ sì kan létí. Àwọn onímọ̀ ń pe ẹ̀yà rẹ̀ ní Xylocopa. Lára irú èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, abo dúdú, irun ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ funfun, akọ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kòkòrò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kì í kọ́ afárá, kì í sì í kó agbo jọ.

Ẹ̀kẹrin ni oyin gidi, èyí tí à ń lá oyin rẹ̀. Tí agbo oyin bá ya wọ àjà yín, ẹ má lo ohunkóhun nínú ohun tí mo kọ síbí. Ẹ kó àwọn ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn jìnnà, kẹ́ ẹ pe ẹni tó ń sin oyin. Tí oyin wa bá gbìjà pọ̀, wọ́n lè pa èèyàn.

Kí ló dé tí a ò lè kàn fọ́n oògùn sí wọn ká sinmi?

Èyí tí àwọn èèyàn máa ń sáré rà ni Sniper. Dichlorvos ló wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń ba iṣan kòkòrò jẹ́ náà ló ṣe lè ba iṣan èèyàn jẹ́. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, èyí tó jẹ́ 100 ml, ní súpámákẹ́ẹ̀tì àti ní ọjà gbangba, torí pé àwọn èèyàn ń ṣì í lò.

Ẹ wo bí iṣẹ́ yìí ṣe rí. Agbọ́n wà lókè, ẹ̀yin wà nísàlẹ̀, ẹ gbójú sókè, ẹ sì ń fọ́n oògùn. Orí ta ló máa bọ́ sí? Ọ̀pọ̀ wa ló tún ń gbé garawa sábẹ́ òrùlé láti gba omi òjò. Ohun tẹ́ ẹ bá fọ́n sí etí páànù lónìí lè bá omi wọ garawa yẹn lọ́la.

Yàtọ̀ sí èyí, oògùn kì í mú ìdí tí wọ́n fi wá kúrò. Tí pákó bá ṣì wà láìkùn, tí ihò bá ṣì ṣí sílẹ̀, òmíràn máa dé.

Mo rí ihò lára igi òrùlé mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá oyin ni tàbí ikán?

Ihò oyin yípo, ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì fẹ̀ tó ìka ọwọ́ tó kéré jù, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí kan àti ààbọ̀. Ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí ìyẹ̀fun igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Nígbà mìíràn ìgbẹ́ rẹ̀ á ṣàn sára pákó tàbí ògiri, á sì fi àbàwọ́n pípọ́n sílẹ̀.

Ikán kì í ṣe báyẹn. Amọ̀ ló fi ń bo ọ̀nà rẹ̀ láti ilẹ̀ gòkè, inú igi ló sì ń jẹ. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jẹ igi gbígbẹ ní tiwọn máa ń lu ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ìyẹ̀fun wọn sì kúnná gan-an. Ohun tí mò ń sọ lójú ìwé yìí kò wo ti ikán sàn o.

Oyin yìí kì í jẹ igi rárá. Ó kàn ń gbẹ́ ẹ láti fi ṣe ilé ni. Á wọlé tààrà díẹ̀, á wá yà, á tẹ̀lé ìlà igi. Nínú ọ̀nà yẹn ni á ti pín yàrá yàrá. Yàrá kọ̀ọ̀kan á ní ẹyin kan àti ìṣù oúnjẹ tó fi ìyẹ̀fun òdòdó àti omi dídùn òdòdó ṣe, á sì fi ìyẹ̀fun igi dí àárín wọn.

Ṣé ihò yẹn lè wó òrùlé?

Ihò kan tàbí méjì kò lè ṣe é. Ohun tó ń fa wàhálà ni pé ọmọ a máa padà sí ilé ìyá. Wọn a tún ọ̀nà àtijọ́ ṣe, wọn a gbẹ́ ẹ síwájú sí i, wọn a ya ẹ̀ka tuntun. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, inú pákó á ṣófo, omi òjò á máa gba ẹnu ihò wọlé, jíjẹrà á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ àkókó náà lè gbọ́ ìró ìdin nínú igi kó wá fi ẹnu ya á. Nítorí náà, ẹ má foyà, ṣùgbọ́n ẹ má dágunlá pẹ̀lú.

Báwo ni mo ṣe máa dí ihò náà?

Ibí ni àwọn èèyàn ti ń kánjú jù. Wọ́n á rí ihò, wọ́n á sáré fi sìmẹ́ńtì tàbí pọ́tì dí i, oyin tó wà nínú á sì gbẹ́ ọ̀nà míì jáde. Ihò kan á wá di méjì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ń bẹ nínú. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ rún ìwé ìròyìn díẹ̀, kẹ́ ẹ fi dí ẹnu ihò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Tí ìwé náà bá ti já bọ́ tàbí tó ti lu nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ilé náà ní olùgbé. Tó bá wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin tí oòrùn sì ń ràn dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ṣófo. Ṣùgbọ́n ìdin àti ọmọ tí kò tíì dàgbà kì í ti ìwé jáde. Ihò tẹ́ ẹ bá rí ìyá tó ń wọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ láìpẹ́, ẹ kà á sí ilé ọlọ́mọ.

Tí ọmọ bá wà nínú, mo máa ń gba onílé nímọ̀ràn pé kó ní sùúrù. Láti ẹyin títí di oyin tó lè fò, ó lè ju oṣù kan lọ. Ní àkókò yẹn, ẹ kun gbogbo pákó tó yí i ká, kí wọ́n má bàa rí ibòmíràn lù. Nígbà tí wọ́n bá ti jáde tán, ẹ wá dí i.

Pọ́tì nìkan kò tó, torí wọ́n lè fi ẹnu gbẹ́ ẹ. Ẹ mú kànìnkànìn onírin, èyí tí wọ́n fi ń fọ ìdí ìkòkò, kẹ́ ẹ fi igi tín-ín-rín tì í wọ inú ihò lọ jinná. Irin ni ẹnu oyin kò lè jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ po ìyẹ̀fun igi mọ́ gúlúù tí káfíńtà ń lò, ẹ rọ ọ́ lé e, kẹ́ ẹ gbá èèkàn igi kékeré sí ẹnu rẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ fi sáńdípépà ha á kó dọ́gba, ẹ sì kun ún. Ẹ má fi kíkùn sílẹ̀ o, torí ojú ibi tí wọ́n dí láìkùn hàn gbangba, oyin a sì máa padà síbẹ̀.

Irú igi wo ni mo lè lò kí wọ́n má bàa dé rárá?

Igi rírọ̀, gbígbẹ, tí a kò kun, ni wọ́n fẹ́ràn. Arère fúyẹ́, ó sì rọ̀, ìdí nìyẹn tí àwa káfíńtà fi fẹ́ràn rẹ̀ àti ìdí kan náà tí oyin fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìrókò àti apá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó wọn náà sì le.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ fi owó ìrókò ṣe etí òrùlé. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀dà, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ àwa oníṣẹ́ ti ń kùnà. A óò kan pákó tán, a óò wá kun iwájú tí àlejò ń rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí inú òrùlé, abẹ́ rẹ̀, àti orí tí ayùn gé, a óò fi wọ́n sílẹ̀ ní funfun. Ibẹ̀ ni oyin á ti wọlé, agbọ́n náà á sì máa wá họ ọ́ láti fi kọ́lé. Ẹ ní kí káfíńtà yín kun pákó yípo kó tó gbé e lọ sókè. Ọ̀dà gúlọ́ọ̀sì, èyí tó ń dán, ló dára jù, ẹ̀ẹ̀mejì ni kó sì kùn ún. Fánííṣì lásán kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá fi ọparun ṣe àtíbàbà tàbí ọgbà, ẹ fi sìmẹ́ńtì dí orí tí ẹ gé. Ihò ọparun gbígbẹ jẹ́ ilé àkọ́tán fún wọn. Ẹ má sì fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò pa igi òrùlé. Kẹ́míkà nìyẹn náà, òjò á sì fọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Oyin ńlá tó ń lu igi kan ń dúró lójú afẹ́fẹ́ níwájú mi, ó ń wò mí lójú. Ṣé ó fẹ́ ta mí ni?

Akọ ló sábà máa ń ṣe báyẹn. Ó ń ṣọ́ ibi tí abo ń gbà kọjá. Akọ kò ní abẹ́rẹ́ ìdí rárá, kò lè ta yín. Abo ló ní in, kì í sì í ta àfi tí ẹ bá fọwọ́ mú un tàbí tí ẹ fún un mọ́ aṣọ. Ẹ rọra kọjá.

Agbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sábẹ́ òrùlé mi. Kí ni kí n ṣe?

Àsìkò tó dára jù nìyí. Ilé tuntun kò ní ju ojúlé díẹ̀ lọ, agbọ́n kan tàbí díẹ̀ ló sì wà lórí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ara wọn máa ń wúwo. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò, kẹ́ ẹ lo igi gígùn láti fi gé ìdí ilé náà já, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, tí kò bá sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ sì ha ìdí tó ṣẹ́ kù kúrò. Ó lè padà wá kọ́ ọ síbẹ̀. Ẹ tún gé e.

Ẹ sọ ọ́ di àṣà láti yí ilé ká ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ wo etí òrùlé, igun fèrèsé, inú páìpù géètì, ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù, inú àpótí mítà iná, àti bàtà tí ẹ gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyípo ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ń ṣe ju gbogbo oògùn lọ.

Ilé agbọ́n náà ti tóbi. Bàbá mi máa ń fi iná sun ún. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Àgékù aṣọ tí a rì sínú kẹrosíìnì tàbí epo bẹntiróò lábẹ́ àjà igi, nígbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, lè jó odindi ilé. Àwọn bàbá wa ń ṣe é lórí igi oko, ilé tiwa kì í ṣe igi oko.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ó wà lójú ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Tó bá wà lókè tente, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, ẹ lè fi í sílẹ̀. Tó bá wà lókè ilẹ̀kùn tàbí ibi táwọn ọmọdé ń ṣeré, ẹ duro di alẹ́ tí gbogbo wọn bá ti wọlé. Ẹ da síbí ìmùkọ ọṣẹ ìfọṣọ méjì sínú omi lítà kan, ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ń fọ́n omi jìnnà, kẹ́ ẹ fi rin ilé náà gbingbin. Ihò tí wọ́n fi ń mí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Omi lásán á yọ̀ kúrò lára wọn, ṣùgbọ́n ọṣẹ ń mú kí omi wọ ihò yẹn. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì funfun sí wọn, torí wọ́n á tẹ̀lé iná wá bá yín. Ẹ fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, torí wọn kì í rí àwọ̀ pupa dáadáa.

Ẹ má dúró sábẹ́ rẹ̀ gan-an, ẹ má sì gun àkàbà láti ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìgbà ìṣubú ló ń ṣèèyàn léṣe ju agbọ́n lọ. Tí ọwọ́ yín kò bá lè tó o láti ilẹ̀, tàbí tí ara ẹnì kan nínú ilé bá máa ń kọ oró agbọ́n, ẹ pe ẹni tó ní aṣọ àti ìbòjú fún un.

Ti agbọ́n tó ń fi amọ̀ mọlé sára ògiri ńkọ́?

Ọ̀bẹ pọ́tì àti omi ọṣẹ ti tó. Tí ẹ bá rí ihò lára amọ̀ náà, àwọn ọmọ ti jáde, ẹ lè ha á nígbàkigbà. Ẹ wá wo ibi tó ti ń bu amọ̀: táàpù tó ń jò, ojú ibi tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sí, ẹ̀gbẹ́ kànga. Ẹ tún èyí tó ń jò ṣe, kẹ́ ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sójú ibẹ̀. Ẹ gbọn òwú aláǹtakùn náà kúrò létí òrùlé, torí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń wá.

Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu gbogbo páìpù tí ẹ kì í lò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní February 1996, ọkọ̀ òfurufú Birgenair 301 já sínú òkun nítòsí Puerto Plata ní Dominican Republic, èèyàn 189 sì kú. Páìpù tó ń wọn ìyára rẹ̀ ló dí, ohun tí àwọn tó wádìí fura sí sì ni ilé agbọ́n amọ̀, torí ọkọ̀ náà ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tí wọn kò bo páìpù ọ̀hún.

Wọ́n ní ọsàn wẹ́wẹ́, koríko ọba, àti bébà tí a rún bí ilé agbọ́n ń lé wọn. Ṣé òótọ́ ni?

Òórùn àwọn ewé kan, bíi koríko ọba, máa ń lé agbọ́n fún ìgbà díẹ̀. Tí òórùn bá ti parẹ́, agbára rẹ̀ náà ti parẹ́. Ẹ lè lò ó lórí tábìlì nígbà tí ẹ bá ń jẹun níta, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e fún òrùlé. Ti bébà tí wọ́n ń so kọ́, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ná owó lé e lórí.

Báwo ni ká ṣe máa jẹun níta?

Ẹ bo ẹmu, mínírà àti èso tí ẹ gé. Ẹ máa ṣa máńgòrò àti agbálùmọ̀ tó jábọ́ lábẹ́ igi. Ẹ má fi agolo mu nǹkan níta láìwò inú rẹ̀, ẹ rọ ọ́ sínú ife funfun. Kí agbọ́n ta èèyàn lọ́nà ọ̀fun léwu ju kó ta á lọ́wọ́ lọ.

Ó ti ta mí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kúrò níbẹ̀ kíá, torí agbọ́n kan náà lè ta yín léraléra, òórùn oró rẹ̀ sì lè pe àwọn yòókù. Tó bá jẹ́ oyin gidi ló ta yín, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á kù sí ara, ẹ tètè ha á kúrò. Ti agbọ́n kì í kù. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ fi omi tútù tàbí yìnyín tí a fi aṣọ wé lé e, kẹ́ ẹ sì bọ́ òrùka tó bá jẹ́ ọwọ́ ni kó tó wú.

Tí èèyàn kò bá lè mí dáadáa, tí ètè, ahọ́n tàbí ojú rẹ̀ bá wú, tí ara rẹ̀ bá sú káàkiri, tó ń bì tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ má ṣe dúró fi epo pa á. Ilé ìwòsàn ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọdé tí ọ̀pọ̀ wọn ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló dé tí ẹ kò fi ní ká pa gbogbo wọn run?

Torí wọ́n ń bá wa ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ kí àwọn onílé mọ̀ ọ́n. Oyin ńlá yìí ń jẹ́ kí òdòdó ẹ̀wà, tòmátì àti ìgbá so dáadáa. Òdòdó tòmátì àti ìgbá máa ń há ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ inú, oyin yìí á di mọ́ ọn, á gbọ̀n ọ́n títí ìyẹ̀fun fi máa bọ́. Oyin gidi kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Agbọ́n ní tirẹ̀ ń fi kòkòrò tó ń jẹ ewé bọ́ ọmọ. Ní 2016, kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo láti Amẹ́ríkà balẹ̀ sí ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà, Benin àti Tógò sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Àwọn olùwádìí ní Bràsíìlì tẹ ìwádìí jáde ní 2019 tó fi hàn pé agbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ń dín kòkòrò yìí kù lára àgbàdo. Nítorí náà, tí àyè bá wà lẹ́yìnkùlé, ẹ gbé ìtì igi rírọ̀ tó ti gbẹ síbẹ̀, jìnnà sí ilé. Oyin tó bá rí ìyẹn lù lè fi pákó yín sílẹ̀.

London ni mo wà, àbúrò mi sì wà ní Maryland. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá?

Ó kàn yín, àmọ́ ó yàtọ̀ díẹ̀. Agbọ́n dúdú aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ ń rí ní Britain máa ń kọ́lé sínú àjà tàbí sínú ilẹ̀. Òtútù ló ń pa agbo náà nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, ayaba tuntun nìkan ló ń là á já, wọn kì í sì í tún ilé àtijọ́ lò. Tí ẹ bá lè fara dà á títí di ìgbà òtútù, ẹ óò rí ilé òfìfo mú kúrò. Ní Maryland, oyin tó ń lu igi máa ń jáde ní ìgbà ìrúwé, nǹkan bíi April sí May, ó sì fẹ́ràn igi fàráńdà tí a kò kun. Ẹ kun ún kó tó di àkókò yẹn, kẹ́ ẹ sì dí ihò nígbà tí ọmọ bá ti jáde, ní ìparí ìgbà ooru.

Ilé ayálégbé ni mo wà. Kí ni mo lè ṣe láìna owó púpọ̀?

Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ya ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rán. Ẹ dí ihò páìpù, ẹ gbọn òwú aláǹtakùn, kẹ́ ẹ sì máa yí ilé ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fún pákó òrùlé, ẹ ya fọ́tò ihò náà àti ìyẹ̀fun igi tó wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí lánlọ́ọ̀dù. Ẹ sọ fún un pé agolo ọ̀dà kan lónìí kò ní ná an tó pákó tuntun àti owó iṣẹ́ káfíńtà. Tó bá gbà, ẹ rí i pé ẹni tó wá kùn ún kun abẹ́ àti ẹ̀yìn pákó náà kó tó sọ̀ kalẹ̀.